Ọkọ̀ Òfuurufú Tí A Pín Ní Ìdí Igi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kù díẹ̀. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú, omi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀gá mi ní Ọ̀jọ́ débi pé a to búlọ́ọ̀kù kí àwọn ẹbí lè rí ibi tẹ̀ wọlé. Ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti kú.

Ayàwòrán ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ṣe ìwé aláwòrán kan nípa àwọn ará etí ọ̀sà tí omi lé kúrò nílé, tí wọ́n kan ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì ń wá ilẹ̀ gbígbẹ kiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìwé mẹ́rìndínlógún ló ti jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìyànà Ìbà sì máa ń dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkẹtàdínlógún, tí ó jẹ́ ìkẹyìn, ni ọkọ̀ náà yóò padà sílé. Ó kọ ìtàn rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò ya àwòrán rẹ̀ kí ikú tó dé. Lórí ibùsùn àìsàn ni ó ti di ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú lọ́wọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí, ó sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ náà sọnù sójú ọ̀run. Ọmọ náà ṣèlérí. Mo wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n n kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín. Orúkọ náà ti ní olúwa rẹ̀, èmi kọ́.

Èmi ni mo máa ń bá ọ̀gá mi kun àwọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Okokomaiko, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Mo ti lé ní ogójì ọdún. N kì í yára, ohun tí wọ́n bá sì kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ń ṣe é. Olùkọ́ wa ti sọ pé kí àwòrán wà lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, kí iṣẹ́ tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà láìsí ìdàrúdàpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí ní kí n to ìwé olóògbé jọ, mo fi rúlà àti bíléèdì gé ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kúrò lára ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo fi nọ́ńbà sí gbogbo rẹ̀, mo kó ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìtàn ìkẹtàdínlógún, sínú páálí kan, mo kó àwòrán sínú èkejì. Inú mi dùn sí bí ó ṣe rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, olórí ẹbí, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti pín ilé, ó ti pín ilẹ̀ tó wà ní Ìbà. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in: ìdá kan fún ọmọ kan ṣoṣo ti ìyálé, ìdá kan fún àwọn ọmọ mẹ́rin tí ìyàwó kékeré bí. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí páálí.

“Kí ni ìwọ̀nyí?”

“Iṣẹ́ olóògbé ni, bàbá,” ni mo dáhùn. “Ìtàn ló wà nínú èyí, àwòrán ló wà nínú ìyẹn.”

Bàbá pàtẹ́wọ́. “Páálí méjì, ìdí igi méjì! Àbúrò mi ti bá wa pín in kó tó lọ. Ọmọ ìyálé, mú ọ̀kan.”

“Ìtàn ni màá mú, bàbá. Òun ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.”

Àkọ́bí ìyàwó kékeré, obìnrin tó ń ta fóònù ní Ìyànà Ìbà, rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ lẹ mú? Bẹ́ẹ̀ ẹ kúkú ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ tẹ́lẹ̀! Àwòrán di tiwa nìyẹn o. Ẹ má padà wá.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà tí ẹbí pè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohunkóhun tí a bá dárúkọ nínú ìwé náà, ti ìdí igi kìíní ni. Ohunkóhun tí a bá yà, ti ìdí igi kejì ni. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n sọ pé olóògbé kọ́ ni ó pín in, pé ọwọ́ èmi ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kì í ṣe tèmi. Mo kó páálí méjèèjì fún wọn.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi gbà fún ọlọ́jà kan ní Àlàbá pé kí ó máa tẹ ọkọ̀ náà sára báàgì ilé-ìwé. Ọmọ ìyálé ní tirẹ̀ pè mí pé kí n wá ya ìwé ìkẹyìn. Àwa méjèèjì lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fóònù rẹ̀.

“Àbúrò mi, ìwé kan péré ni,” ni ọmọ ìyálé wí. “Jẹ́ kí n lo ọkọ̀ yẹn.”

“Ẹ fún wa lórúkọ rẹ̀ ká kọ ọ́ sára báàgì, kẹ́ ẹ máa gbé ọkọ̀ lọ.”

“Orúkọ tí Bàbá fún un, òun ni màá fi pe báàgì?”

“Báàgì tó ń bọ́ ìyá mi lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn!” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró bí òpó iná yìí, ṣé ẹ̀yin náà ò lẹ́nu ni?”

“Èmi ni mo gé wọn,” ni mo wí. “Lórí ewé kan náà ni gbogbo wọn wà. Bàbá yín kò pín nǹkan kan.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí mi.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rántí?” ni obìnrin náà wí. “A ti tọwọ́ bọ̀wé, bọ̀dá. Ọlọ́jà Àlàbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ tẹ̀ lé e: ọkọ̀ inú ìwé tuntun kò gbọdọ̀ jọ ti àtijọ́. Ọ̀gá mi ti fún ọkọ̀ náà ní ẹsẹ̀ gígùn méjì bíi ti ẹyẹ etí omi, nítorí inú ẹrẹ̀ ni ó ń bà sí. Ó fún un ní ikùn fífẹ̀, nítorí àwọn arúgbó ń sùn níbẹ̀. Mo fa ìlà sórí ìwé, mo kọ ti àtijọ́ sápá kan, tuntun sápá kejì, ìdí rẹ̀ sí ìkẹta. Ẹsẹ̀ di mẹ́ta, nítorí lẹ́tà. Ikùn di ṣóṣóró, nítorí lẹ́tà. Fèrèsé tó rí roboto di onígun mẹ́rin, nítorí lẹ́tà. Kò sí ọ̀kan tí ìrìn àjò náà bèèrè fún. N kò mọ ibi tí àwọn arúgbó yóò sùn sí mọ́.

Ní ojú ewé tó kẹ́yìn ìtàn náà, bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, ìyá àgbà kan dúró létí ọ̀sà, ó sì pariwo pé, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìyẹn, àwọn ọmọ mi ni!” A ní ọ̀rọ̀ náà; a kò ní ẹsẹ̀. Ọmọ ìyálé kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ẹ pa á rẹ́,” ni ó wí fún mi. “Ẹ jẹ́ kí ìyá náà kàn wò ó.”

“Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé àwọn ni?”

“Kò ní í mọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á: arúgbó kan, ọwọ́ lójú, tí ń wo ohun tí kò rí rí.

Ìwé náà jáde lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Àwọn òǹkàwé ní ọkọ̀ mìíràn ni ó gúnlẹ̀, pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà lójú ọ̀run. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà lára báàgì láìlórúkọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ, kò sí ìwé tuntun mọ́, ọmọ ìyálé àti àwọn ọmọ ìyàwó kò sì jọ ń ṣe ìrántí bàbá wọn mọ́.