Lẹ́tà Tí Sàrátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Sàrátù átíìsì kò kọ́ṣẹ́ parí, ẹ ní kó wá bá èmi Jẹ́ẹ́dé télọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ pátákó lọ́dọ̀ Ọ̀gá Olúsọjí ní Ṣakí, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wọn àti tèmi.

Ọwọ́ lásán ni ọ̀gá fi ń kọ tirẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kọ, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá kọ orúkọ kan náà sára mọ́tò méjì, wọn kì í jọra. Ni Sàrátù bá lọ tọrọ àlòkù fíìmù tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù, ó fi bíléèdì gé lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá gbé e lé pátákó, tó fi fóòmù tẹ ọ̀dà sí i, lẹ́tà á jáde ketekete. Ṣebí àwa télọ̀ náà ń lo páàtánì? Ọ̀gá ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni.

Lọ́dún 1981, ọlọ́kọ̀ kan tó ń kó iṣu láti Ogbooro gbé lọ́rì méjìlá wá, ó ní kí ìkọ̀wé gbogbo wọn rí bákan náà. Ọ̀gá kọ méjì, ọlọ́kọ̀ ní kó pa wọ́n rẹ́. Sàrátù ló ṣe méjèèjìlá níjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, "lẹ́tà wa" ni ọ̀gá ń pè wọ́n.

Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù tí wọ́n máa dá Sàrátù sílẹ̀ pé, gbogbo átíìsì ìlú péjọ. Ọ̀gá mú sátífíkéètì dání, kò tíì gbọ́wọ́ àdúrà lé e lórí tó fi ní, "Kó àwọn lẹ́tà yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí ọmọṣẹ́ bá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, tèmi ni."

Inú bí mi. Àwáwù, ìyá Sàrátù, ń bẹ ọmọ rẹ̀ kó kó wọn sílẹ̀: ta ni yóò gbéṣẹ́ fún ẹni tí ọ̀gá kò dá sílẹ̀? Òótọ́ ló sọ. Ní Ṣakí, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta ló gbàdúrà fún ọ.

Sàrátù dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, mi ò ní gbàgbé. Èyí, ẹ ò kọ́ mi. Ẹ máa mú sátífíkéètì yín lọ." Ó há àpò lẹ́tà rẹ̀ mọ́ abíyá, ó jáde.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ní kó jókòó sí, kí ọ̀gá lọ fi orí sọ ògiri. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni ò gbéṣẹ́ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé pátákó tirẹ̀ kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá gan-an: SÀRÁTÙ ÁTÍÌSÌ. KÒ GBA FÍRÍDỌ́Ọ̀MÙ. Ẹ WO IṢẸ́.