Irin Tó Ń Kùn Lábẹ́ Eyín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Eyín iwájú rẹ̀ ti kán díẹ̀ létí. Kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe eegun ẹran. Irin ló ṣe é.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń rọ irin tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ lára eegun: ayùn wẹ́wẹ́, ìkọ́, òòlù tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ti di ọkọ náà létí láti ìgbà èwe, nítorí náà eyín ló fi ń gbọ́. Bó bá ṣe irin kan tán, á ki èèkù rẹ̀ bọ ẹnu, á deyín mọ́ ọn, á wá fi ojú irin náà họ eegun màlúù gbígbẹ tó wà lórí tábìlì. Ohun tí etí kò gbọ́, agbárí á gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Afeyíngbọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ lára rẹ̀. Àwọn tọkọtaya mìíràn a máa jà, wọn a máa gé ara wọn jẹ. Àwọn méjì yìí, irin ni wọ́n jọ ń gé jẹ.

Òfin kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Irin tó dára, bó bá kan eegun, á sọ̀rọ̀ kan, á sì dákẹ́. Èyí tó bá sán nínú, níbi tójú kò lè tó, á máa kùn lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò.

“Irin tó bá kùn, ẹ fọ́ ọ,” ni Afeyíngbọ́ máa ń wí. “Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹni tí yóò ṣẹ́ sí lára ti sùn, kò lè ké.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojú àgbà méjì yìí ni ẹ̀yìn àbígbẹ̀yìn wọn ṣe ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, bí igi tó ń wá oòrùn. Ọmọbìnrin náà ti tójú bọ́, ó ń ránṣọ jẹun, ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni télọ̀ tí aṣọ ara rẹ̀ máa ń gùn lápá kan ju èkejì lọ. Àfi ọjọ́ tó wọlé pẹ̀lú bàtà kan ṣoṣo. Èkejì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, kò mọ̀.

Dókítà eléegun tí wọ́n máa ń rọ irin fún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pe tọkọtaya náà jókòó.

“Okùn ẹlẹgẹ́ kan wà nínú eegun ẹ̀yìn,” ó ní, “òun ló ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́. Eegun ti fún un mọ́lẹ̀. Mo ní láti bó eegun yẹn kúrò lórí rẹ̀ kí n tó na ẹ̀yìn tó wọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo irin ọwọ́ mi ló sanra jù. Bí mo bá ki ọ̀kan bọ ibẹ̀, mo lè já okùn. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ nìyẹn.”

Ìyàwó kọ ọ̀rọ̀ dókítà fún ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ wò ó, ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Irin tó ṣe, ẹnìkan kò ṣe irú rẹ̀ rí lójú wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ó sì ní gìgísẹ̀ kékeré kan lábẹ́ ojú rẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹn ni yóò yọ́ wọ àárín eegun àti okùn, tí ojú irin yóò fi máa gé eegun sókè nìkan, tí kò ní lè bọ́ sísàlẹ̀. Ìyàwó bi í léèrè bí gìgísẹ̀ náà ṣe dúró nígbà tí òun kò rí ojú ibi tó ti fi iná jó o mọ́ irin.

“Bí ìyàwó bá mọ gbogbo àṣírí ọkọ,” ó ní, “kí ló kù tí yóò fi máa yọ́jú wo ọkọ lẹ́nu iṣẹ́?”

Ó dan irin náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà nìkan ló kù tó lè fi eyín dán an wò. Ọ̀sán gangan ni. Iná ti lọ, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ki èèkù bọ ẹnu, ó họ eegun. Irin sọ̀rọ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Irin ń kùn.

Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, pé ó ti sán nìyẹn. Ṣùgbọ́n kíkùn náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó dúró, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó mọ orin náà. Afeyíngbọ́ ní orin kan tí kò lórí tí kò nídìí, tó máa ń kùn bó bá ń ṣiṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí láyé rẹ̀. Ó yọ irin lẹ́nu. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó tún fi eyín kàn án. Orin náà kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ síwájú, bí orin ẹni tí kò dúró dè ọ́ nígbà tó o jáde.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni obìnrin náà sọ ọ́ nígbà tó wọlé ọkọ. Nísinsìnyí ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, fi eyín kàn án kó o sọ ohun tó o gbọ́.”

“Ìyàwó wa, eyín tó kù lẹ́nu mi, ẹran ni mo fi pamọ́ fún o.”

Ó fi kàn án. Àwàdà tán lójú rẹ̀. Ó gbé irin náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.”

“Àbí sísán?”

“Sísán a máa mí ni? Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ jẹ́ kó máa kùn.”

Dókítà náà kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó fi ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò inú ara yà á. Irin náà funfun báláú nínú fọ́tò láti orí dé ìdí. Kò fi ohun kan hàn.

“Màmá, mi ò lè sọ pé ó sán, mi ò sì lè sọ pé kò sán,” ó ní. “Ẹ̀yin ni màá gbọ́ tẹnu yín. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pẹ́.”

Kò pẹ́ lóòótọ́. Ọmọ náà fẹ́ fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ kó lè mọ nǹkan lára; ìyá bá a tó jókòó tó ń rán bọ́tìnì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó nínú omi.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pariwo?” ó béèrè.

Ìyá gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan, ó fi òróró pa á. Lẹ́yìn náà ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fi fáìsì, ẹ̀mú ńlá ara tábìlì, di irin náà mú, ó mú ayùn irin.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. “Ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ fẹ́ gé yẹn! Kí lẹ máa tún gbọ́?”

“Òfin rẹ̀ ni mo ń pa mọ́.”

“Òkú ló ṣòfin?”

“Ọmọ rẹ̀ ló máa sùn tí kò ní lè ké. Bó o bá fẹ́ dúró, di tábìlì mú kó má mì.”

Ó di tábìlì mú. Nígbà tí ayùn kan irin, eyín ẹnikẹ́ni kò kàn án, síbẹ̀ kíkùn náà jáde. Ó gba ara fáìsì, ó gba igi tábìlì, àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, tó wà ní ìkọ́ ara ògiri, ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ó gba apá obìnrin náà gòkè dé èjìká, dé párì. Kò dún bí ẹni tí wọ́n ń pa lára. Ó dún bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ, tó ń wá a lẹ́nu. Obìnrin náà mọ orúkọ tó ń wá. Ó ń gé e lọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí irin, ayùn sì ń gbé omi náà lọ bọ̀.

Irin já. Àwọn fáìlì dúró.

Wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí sísán kankan.

“Ẹ ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì,” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Obìnrin náà gbé irin náà sún mọ́ ojú. Ojú rẹ̀ wà lójú ọgbẹ́ irin. Gìgísẹ̀ tí kò ní ojú ibi tí iná ti jó o, ó ní gbòǹgbò nínú ọrùn irin, ó kọ́ síbẹ̀ bí eyín ṣe ń kọ́ sínú èrìgì. Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà rí i, àfi kó gé e.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òmíràn. Èyí tó kọ́kọ́ rọ, gbòǹgbò rẹ̀ mì. Ó sọ ọ́ nù. Òmíràn kùn, kíkùn lásán tí kò mí; ó fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan jáde tó họ eegun, tó sọ̀rọ̀ kan, tó dákẹ́. Ó tún fi eyín kàn án, ó dúró pẹ́. Dídákẹ́ ni. Ó nu ún, ó gbé e lọ fún dókítà.

Àárọ̀ tí wọ́n ní kí ọmọ náà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò lè wọlé. Nọ́ọ̀sì na apá sí ọmọ náà kó dì í mú. Ọmọ náà fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ṣojú rándan.

“Yéè! Ilẹ̀ yìí mà tutù o!”

Ó wá ń nàró. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò kọjá etí ìyá rẹ̀ rí, ó ń nàró lọ sókè, ó kọjá etí, ó kọjá gèlè, títí ìyá fi ní láti gbé ojú sókè wò ó. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn. Gíga yẹn, ìyá mọ̀ ọ́n. Ó mọ èjìká yẹn, ó mọ bó ṣe máa ń dí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù.

“Màmá, kí lẹ ń wò?”

“Ibi tó o ga dé.”

Ó wọlé, ó di ọmọ náà lápá mú gírígírí. Kì í ṣe pé kó má baà ṣubú.