Ohùn Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹni tó bá rí Bàbá Télọ̀ nídìí máṣíìnì lónìí, tó wọ awò ojú méjì léra wọn kó tó rí ihò abẹ́rẹ́, kò ní gbà pé ọkùnrin yìí ti fun fèrè rí, tí àwọn ọmọge ń tìtorí rẹ̀ jà. Aṣọ funfun ni òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ máa ń wọ̀ nígbà náà, bàtà wọn á sì máa dán bíi dígí. Àmọ́ ká sòótọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ni orin tó sọ wọ́n dèèyàn. Orin tí ìyá ìyá obìnrin náà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni. Àwọn ọkùnrin wulẹ̀ fi fèrè àti gìtá lé e lórí ni, tó fi di orin ijó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, gbohùngbohùn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, ohùn obìnrin náà sì ń bo fèrè mọ́lẹ̀. Ni wọ́n bá ní kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa kọrin látibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣáà má tilẹ̀kùn mọ́ mi síta o!"

Àìsàn pa á nígbà tí ọmọ wọn obìnrin ṣì ń mu ọyàn. Ẹgbẹ́ tú ká. Téèpù orin yẹn nìkan ló kù, Bàbá Télọ̀ sì fi aṣọ wé e sínú àpótí, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ irú rẹ̀ ti di àwátì. Bọ́mọ náà ṣe dàgbà nìyẹn, tó di nọ́ọ̀sì, tí kò mọ bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe ń dún.

Àfi bí ayé ṣe ṣàdédé rántí orin àtijọ́. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló wá ń jó irú orin bẹ́ẹ̀ kíkankíkan. Ọ̀gbẹ́ni kan láti iléeṣẹ́ rédíò dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú máṣíìnì, ó ní àwọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ téèpù rẹ̀, àwọn á fọ orin náà mọ́, àwọn á sì gbé e sórí afẹ́fẹ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Kí ọmọ mi gbọ́ ọ."

Ó gbé téèpù náà fún un, àmọ́ kò mẹ́nu ba ohùn ìyàwó rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ta ló máa gbọ́ irú ohùn yẹn tí kò ní mọ̀ pé òun ló ni orin?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà gbé orin padà wá, ọmọ gbàyè níbi iṣẹ́, ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀. Fèrè wọlé, ó mọ́ gaara. Gìtá tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò ti ń jó níta.

"Bàbá, ìgbà wo ni màmá mi máa kọrin?"

"Fara balẹ̀. Ó ku díẹ̀."

Orin parí.

"Ohùn obìnrin dà?" ni Bàbá Télọ̀ bi ọ̀gbẹ́ni náà.

"Obìnrin? Áà, ariwo kan wà lẹ́nu ọ̀nà, sà, bíi pé ẹnì kan ń pariwo níta. A ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Iṣẹ́ ńlá ni, sà!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ká yin òun. A ní kó fẹ́ wa lójú, ó fata sẹ́nu.

"Téèpù mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti gbó, sà. Ó já wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ. Èyí tá a fọ̀ yìí nìkan ló kù."

Inú bí Bàbá Télọ̀ gidigidi. Níta, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n tún fi orin náà sí i, ọ̀gbẹ́ni náà sì tètè fi í sí i, kó lè ríbi gbójú sí.

Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ ṣáà kọ ọ́ fún mi bí màmá mi ṣe ń kọ ọ́."

Ó la ẹnu. Ó wá ohùn aya rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀, níbi tó ti máa ń bá a láràárọ̀. Fèrè nìkan ló gbọ́.