Àgbọ̀n Mi Tó Dán àti Irun Tí Ọmọbìnrin Mi Ń Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílùú Ìbà nítorí irùngbọ̀n. Kì í ṣe pé mo ní irùngbọ̀n o. Àìní in gan-an ló fẹ́ pa mí!

Ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi ni ewu náà kọ́kọ́ fojú hàn. Àwọn àlùfáà ti jẹun, wọ́n ti lọ. Ó ku àwa ẹbí nìkan nínú àgbàlá. Mo ń kó àga jọ nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kí n gbé ojú sókè. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra àgbọ̀n mi bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà.

"Ràfíù, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Mo ní mo ti pé mẹ́tàlélógójì, sà.

"Mẹ́tàlélógójì! Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin ará ilé. Ó dán bí àwo tánganran. Ọkùnrin wo nínú ilé yìí ni àgbọ̀n rẹ̀ rí báyìí rí?"

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnì kan á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín! Bàbá Kékeré wá ní ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ló pa àwọn lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n ti lọ báyìí. Kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé máa wá ọ̀nà ibòmíràn lọ. Kí Iléyá tó dé, kí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi kó kúrò nínú ilé tí bàbá mi kọ́, tí wọ́n bí mi sí.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò mọ ilé wa kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ilé Onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pè wá láti Ìbà títí dé ìlú Ọjọ́. Irùngbọ̀n bàbá mi kan àyà. Ní ọjọ́ Iléyá, tí a bá ti pa àgbò tán, gbogbo ọkùnrin ilé á tò sórí ẹní, ẹni tó dàgbà jù á sì mú sísọ́ọ̀sì, á gé irùngbọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó irun náà jọ, wọ́n á rì í sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Bí a ṣe ń kí ara wa kú ọdún nìyẹn.

Láti ìgbà tí mo ti pé ogún ọdún ni mo ti ń jókòó sórí ẹní náà. Tí ó bá kàn mí, bàbá mi á gbé sísọ́ọ̀sì sí abẹ́ àgbọ̀n mi, á ṣe ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́, kò ní gé nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gé! Wọ́n á gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tó ń da irun nù, wọ́n á ní kí ẹni tó kàn sún mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn lọ́dọọdún kí ojú má bàa tì mí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń wò wá. Bàbá Kékeré ń wò wá.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ilé. Ìyá mi ni. Ṣé ẹ rí i, bí èmi kì í bá ṣe ọmọ bàbá mi, kí ni wọ́n ń pe ìyá mi nìyẹn? Ìyá mi sì ti kú tipẹ́. Ta ni yóò bá wọn dáhùn?

Lákòókò yẹn, owó epo ti wọ ìlú. Wọ́n ń la ọ̀nà Badagry tuntun, èmi gan-an ni mo ń fi típà kó yanrìn sí i. Ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lẹ́bàá Ìyànà Ìbà tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ́tò ńlá ti ń wá bèèrè rẹ̀. N kò sọ pé ìyẹn ló ti Bàbá Kékeré. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Àwọn gìrìpá méjì wá bá mi níbi tí mo ń gbé típà sí ní Òkókómáíkò. Wọ́n kí mi dáadáa o, wọ́n ní "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá." Wọ́n wá ní ọlọ́gbọ́n kì í dúró kí wọ́n tó bá òun gbé ẹrù síta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí i pé nọ́ọ̀tì mẹ́ta ti tú lára táyà típà mi. N kò mọ ẹni tó tú u. N kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í gun ọkọ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ó yẹ kí n ṣe? Ó yẹ kí n wá ẹlẹ́rìí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi òmùgọ̀ ṣe: irùngbọ̀n ni mo ń wá kiri!

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń fá ibi tí kò sí irun lójoojúmọ́, irun á hù. Mo fá a. Ó ṣẹ̀jẹ̀ títí. Bàbá kan ní Ìyànà Ìbà ń ta pòmáàdì tó búra pé ó lè hu irun ní àtẹ́lẹwọ́. Mo rà á, mo fi para láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ojú mi wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi! Ìyàwó mi pariwo, ó fà mí dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló tọ́jú mi. Ó bi mí ohun tí mo fi pa ojú, mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé àgbàdo ni irun ni, tí ẹ fẹ́ da ajílẹ̀ sí i?" Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ á hù ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹlòmíràn á di ọgbọ̀n ọdún. Ẹnì kan á ní irun àyà, kò ní ní ti àgbọ̀n. Ẹlòmíràn ò ní ní in títí tí yóò fi kú, kì í sì í ṣe àìsàn. Ó ní abẹ kì í sọ irun di púpọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, ó sì lè fo ẹnì kan kó lọ bà lé ọmọ rẹ̀. Ó wá bi mí pé báwo ni àgbọ̀n àwọn àbúrò ìyá mi ọkùnrin ṣe rí?

Háà! Àwọn àbúrò ìyá mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ló ń dán!

Mo sáré lọ bá Bàbá Kékeré. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé ti ìyá mi nìkan ló wà lára mi, kí n wá fi ti bàbá mi hàn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n sì ní ẹbí á kọ́kọ́ ṣèpàdé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ nípa ìpàdé náà ni Sìkírátù, ọmọbìnrin mi, wá bá mi ní yàrá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé irun ni wọ́n ń wá?" Ó tú ìbòrí tó so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Irùngbọ̀n ló ń yọ níbẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn, inú ilé kan náà ni èmi àti ọmọ yìí ń gbé o! N kò rí i rí. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, bíléèdì tí mo fi ń fá orí ló fi ń fá a, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní "Àlùfáà". Ó ní òun kò ní fá a mọ́ títí di ọjọ́ ìpàdé.

Mo kọ̀. Ṣé torí tèmi ni ọmọbìnrin á fi gbé irùngbọ̀n jáde láàárín ẹbí? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?

Ó ní, "Bàbá, ọkọ tí irun bá lè lé sá, kó tètè máa sá lọ."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpàdé pé. Wọ́n gbé Ìyá Ajangbadi wá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bàbá Kékeré sọ tẹnu wọn. Wọ́n ní kí n sọ tèmi. Kí n tó lanu, Sìkírátù ti jáde sáàárín, ó ṣí ìbòrí.

Ariwo ta! Ọkùnrin kan ní èédú ni mo fi kùn ún. Bàbá Kékeré fúnra wọn ní kí wọ́n mú aṣọ tútù wá. Wọ́n nu ún, wọ́n nu ún. Irun ni.

Ìyá Ajangbadi ní kí ọmọ náà sún mọ́ àwọn. Wọ́n fi ìka wọn mẹ́ta tọ àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí wọ́n fi dé abẹ́ ètè lápá òsì. Wọ́n dúró níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ," wọ́n nawọ́ sí Bàbá Kékeré, "máa bọ̀ níbí."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká—"

"Mo ní kí o máa bọ̀! Èmi ni mo pọ̀n ọ́."

Wọ́n dé ibẹ̀. Ìyá ti ìka bọ inú irùngbọ̀n wọn, abẹ́ ètè lápá òsì. Ojú kan wà níbẹ̀ tó mọ bí hóró ẹ̀wà, tí irun kì í hù sí. Ó wà lára Bàbá Kékeré. Ibì kan náà gẹ́lẹ́ ló wà lára ọmọ mi! Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló sì wà lára bàbá tó bí gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Níbo ni ọmọ yìí ti rí i, bí kò bá gba ara bàbá rẹ̀ kọjá?"

Ìyá wá sọ ọ̀rọ̀ tó da ilé rú. Wọ́n ní àwọn náà ní in! Ọgọ́ta ọdún ni àwọn ti fi ẹ̀mú ń fà á tu. "Ẹ̀yin ọkùnrin ń fi tiyín yangàn lórí ẹní, àwa obìnrin ilé ń sá wọ yàrá lọ fa tiwa tu. Ẹ wá ní ẹ ń wá ẹ̀rí."

Ọmọ Bàbá Kékeré obìnrin dìde. "Ìyá, ẹ̀yin náà? Mo rò pé èmi nìkan ni o!" Òmíràn tún dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín gba àgbàlá kan. Gbogbo ọdún tí a fi ń ka irùngbọ̀n ọkùnrin, ìdajì ẹ̀rí ilé wa ni wọ́n ń fà tu láràárọ̀!

Bàbá Kékeré dìde, wọ́n jáde. Ìyẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Mo ṣì ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì táyà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Akọ̀wé pe orúkọ wa. Bàbá Kékeré dìde, wọ́n ní àwọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́. Adájọ́ bi wọ́n pé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ńkọ́, ta ni? Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló bí i." Wọ́n dárúkọ ìyá mi pẹ̀lú, ní gbangba, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Níta, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ típà mi. Ojú ń tì wọ́n díẹ̀.

"Ràfíù, ṣé Ìbà ni o ń lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n gun iwájú, wọ́n jókòó. Mo bọ́ sí ìdí ọkọ̀, mo ṣíná, a lọ. A ti kọjá Ìyànà Ìbà kí n tó rántí pé n kò wo táyà kankan.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: bó ṣe wu irun ló ń hù. Ẹ má fi í díwọ̀n èèyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín fi ojú rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀sín; ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dán bíi tèmi rí, tí ojú rẹ̀ rí màbo? Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń fi ẹ̀mú jí láràárọ̀, ojú kò gbọ́dọ̀ tì yín lọ́dọ̀ mi. Ẹ sọ tiyín, mo ń gbọ́!