Ìparí Ìwé Tí Mo Fi Bíléèdì Gé

Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta ni mo kà tán lóṣù yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà kà wọ́n. Àkọ́kọ́ dá lórí awakọ̀ tírélà kan tó fẹ́ ìyàwó sí ìlú méjì, táwọn ìyàwó náà wá ń kọ lẹ́tà síra wọn láìjẹ́ kó mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá mi bi mí bóyá orí mi pé. Ìkejì dá lórí nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú ọkùnrin tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìyẹn, torí mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fún ọ̀tá rẹ̀ lóògùn láràárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ìkẹta ni mo fi bíléèdì gé.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú mi ṣe rí nígbà náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé òǹrorò ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún tí mo fi sin ìlú ni. Mo ní sátífíkéètì yunifásítì, mi ò níṣẹ́. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, nínú ìsọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí n ó máa ká aṣọ. Àwọn ìyá tó wà nítòsí wa máa ń kí mi pé, "Alákọ̀wé, ẹ kú ìjókòó o." Bí mo bá ti gbọ́ "ẹ" yẹn lẹ́nu àgbà tó tó ìyá mi, n ó tú aṣọ tí mo ti ká, n ó tún un ká. Ṣé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi ni, àbí yẹ̀yẹ́ ni? N ó máa rò ó títí a ó fi palẹ̀ ọjà mọ́.

Ibì kan ṣoṣo tí ọkàn mi ti ń balẹ̀ ni pálọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìjẹmọ̀. Màmá ni gbogbo àwa tí a ń lọ síbẹ̀ ń pè é. Ó kó ìwé kún ilé, ó sì ń yá wa. Ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a máa ń pàdé níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ a dìde, a polówó ìwé tuntun tó gbádùn fún àwọn yòókù. Ìpolówó náà la ń pè é. Ẹ̀dà kan péré ni ìwé kọ̀ọ̀kan ní, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ewé ẹ̀yìn sì sábà máa ń já dànù. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà pé ẹni tó bá ti ka ìwé kí ìparí rẹ̀ tó já gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó bá béèrè. A kì í fi ìparí ìwé du ara wa. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ya ìwé kò ní wọ pálọ̀ náà mọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. A jọ kàwé ní yunifásítì, a sì jọ ń wáṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ìsọ̀ ìyá mi, mo sì ń sọ fún un bí ìwé awakọ̀ tírélà yẹn ṣe rí lára mi. Mo ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Bó bá jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní, àfi tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i kó tó di búlúù. Ìwé náà ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín bó o ṣe ń kà á, ìgbà tó o bá pa á dé ni ìbànújẹ́ rẹ̀ máa tó hàn. Ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ dùn."

Nígbà tó di Sátidé, ó dìde ṣáájú mi, ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, látorí aró dórí atẹ́gùn. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan aró rí láyé rẹ̀!

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yìí?"

"Orí ara mi ló rò ó, mà."

Nígbà tó kàn mí, ọ̀rọ̀ aró yẹn náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀. Màmá rọra sọ pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ ti sọ ìyẹn, ọmọ mi. Jókòó." Bí a ṣe fẹ́ túká, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin kan ń wá tíṣà lítíréṣọ̀, wọ́n sì ní kí òun fún àwọn lórúkọ ẹnì kan. Ẹni tó bá polówó dáadáa jù ní ìpàdé tó ń bọ̀ lòun máa mú.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi níta. "Kí ló dé tó o fi kó ọ̀rọ̀ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ẹ? O kọ orúkọ sí i lára ni? Má bínú jàre, àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ náà nìkan ló dùn mí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni tèmi. Aṣọ, ti ìyá mi ni. Àga tí mo jókòó lé, ti ìyá mi ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ yá ìwé kẹta, lẹ́yìn tí Màmá fúnra rẹ̀ kà á tán. Ọkọ obìnrin aránṣọ kan gba máṣìnì rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó tuntun, obìnrin náà sì wá máṣìnì yìí kiri títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nínú ewé mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ó rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú máṣìnì náà palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ayọ̀ tó bá mi pọ̀ débi pé mo sunkún. Bí mo ṣe nu ojú tán ni mo wá bíléèdì, mo gé ewé mẹ́fà náà, mo sì tọ́jú wọn.

Mo gbé ìwé fún ọ̀rẹ́ mi. "Ewé ẹ̀yìn ti já o."

"O mọ ìparí rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo sọ fún un pé obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dárí ji ọkọ rẹ̀, ó tún kọ́ ìyàwó tuntun ní aṣọ rírán. Bí nọ́ọ̀sì inú ìwé kejì ni mo ṣe fún un lóògùn náà. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Sátidé dé. Olùkọ́bìnrin kan tó máa ń ti Papalanto wá, tí eruku sìmẹ́ǹtì máa ń wà ní bàtà rẹ̀, ló kọ́kọ́ dìde. Ó polówó ìwé nọ́ọ̀sì. "Mo kà á. Mi ò lè jẹun. Ẹ kà á." Ó jókòó. Ọ̀rẹ́ mi wá dìde, ó polówó ìwé aránṣọ títí dé ibi ìkúnlẹ̀.

Màmá yọ awò ojú rẹ̀. "Níbo lo ti rí ìyẹn? Ìparí tí mo kà kọ́ nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo wò ó padà. Mo rí i pé ó ti yé e, ìgbádùn tí mo ní níṣẹ́jú yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́.

"Ewé ẹ̀yìn ti já, mà," ló wí. "Mo fi ọgbọ́n orí ara mi parí rẹ̀ ni."

"Háà!" Gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá kan pariwo pé, "Màmá, ẹ tètè fún un níṣẹ́ náà kí wọ́n má gbà á lọ!" Màmá náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó lè parí ìwé tó já, ó lè kọ́ ọmọ."

Ó ti kó òótọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ó tún wá kó irọ́ mi!

Ewé mẹ́fà náà wà nínú báàgì mi. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ di tirẹ̀, èmi a sì ṣì máa wá sí pálọ̀ yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, pálọ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò ó. Ká má parọ́, mi ò rò ó pẹ́. Mo dìde, mo tẹ́ ewé náà sórí tábìlì.

"Èmi ni mo gé e, mà. Ìparí tó sọ yẹn, èmi ni mo hun ún tí mo fi tàn án jẹ. Ọ̀rọ̀ aró ọjọ́sí náà, tèmi ni."

Màmá yíjú sí i. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àwàdà la ń bá ara wa ṣe, mà."

"Àwàdà." Màmá wo etí ewé náà níbi tí bíléèdì gbà. Ó nawọ́ sí olùkọ́bìnrin ará Papalanto. "Ìwọ ni n ó fi orúkọ rẹ ránṣẹ́." Obìnrin náà gbọn eruku bàtà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Pálọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ìbànújẹ́ yẹ kó bá mi. Inú mi ń dùn ni.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Màmá gbé abẹ́rẹ́ àti òwú wá. "Kí ẹ tó jáde nílé mi, ẹ ó dá ewé yẹn padà. Ìwọ, di ìwé mú. Ìwọ, rán an." Mo mọ abẹ́rẹ́ lò, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni mo fi dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ fún mi, ìka rẹ̀ wà létí ibi tí mo ń rán.

Ó rọra sọ fún mi pé, "O ba tèmi jẹ́."

Mo ní, "Di ibẹ̀ mú dáadáa."

Ẹ ka ìwé náà o, kí ẹ sì rí i pé ẹ kà á dópin. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà ti Màmá ló bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ó rí òwú aláwọ̀ búlúù níwájú ewé mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, àti àbàwọ́n pupa kékeré kan létí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún ọ̀rẹ́ mi níka níbẹ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé àṣìṣe ni.