Ohun Tó Ń Rìn Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ràdíátù

Lásìkò tí Àbújá ṣì jẹ́ igbó ju ìlú lọ, tí katakata ń hú ilẹ̀ ní Wúsè láti àárọ̀ títí dalẹ́, obìnrin kan wà ní Garki tó ń jẹ́ Ràdíátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà. Òun ló máa ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní púrógíráàmù. Bí wọ́n bá bi àǹtí rẹ̀, Sàlímọ́tù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Garki, pé kí ni ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣe, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀rọ ló ń kọ́ níwèé."

Ọ́fíìsì tó ń ṣètò omi fún ìlú tuntun náà ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ bí omi tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò máa lò yóò ṣe tó, títí kan àwọn àdúgbò tí kò tíì sí nílẹ̀, irú Jahi, tó jẹ́ pé oko iṣu àti àgbàdo ló kúnbẹ̀. Ràdíátù fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà. Nígbà mìíràn, á dáwọ́ dúró, á máa ro ti àwọn èèyàn tí kò tíì dé: ìyá tí yóò gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ọmọ tí yóò fi omi ṣeré títí wọn yóò fi nà án. Ó máa ń ṣe é bíi pé òun ló ń pọnmi dè wọ́n.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní Àbújá kò ju ìwọ̀nba lọ, gbogbo wọn ló sì mọ ara wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n á jẹ súyà, wọ́n á máa jiyàn lórí púrógíráàmù bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Bámiṣayọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń jókòó ti Ràdíátù níbi iṣẹ́, ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn.

Nínú òjò ọdún náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú láàárọ̀. Ọ̀sán ni, nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọra. Ojú gíláàsì rẹ̀ á kàn dúró gbagidi, kò ní sọ ohun tó ṣe é, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọ̀gá wọn, Adésànyà, pè é sí yàrá rẹ̀. "Ràdíátù, àwọn tó wà lókè ń bi mí léèrè. O mọ̀ pé abẹ́ ìjọba ológun la wà. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ jẹ́."

"Ọ̀gá, èmi kọ́ o."

"Mi ò sọ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n púrógíráàmù ta ló máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá kú?"

Ràdíátù mọ̀ pé tòun ni. Wọ́n ti gbé ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì tó kọjú sí tiwọn lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbúròó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí jíìpù ológun bá ti dúró níwájú ilé-iṣẹ́, á máa gbọ́ bí bàtà ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ẹ̀rù mìíràn tún fi kún un. Yàrá ẹ̀rọ náà ní pèpéle tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tẹ́ lórí ilẹ̀ gidi, kí àwọn wáyà lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràdíátù gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ olómi nílẹ̀. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìyẹn náà dákẹ́. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tún wọ́.

"Bámiṣayọ̀, ṣé o gbọ́ nǹkan?"

"Níbo?"

"Lábẹ́ ilẹ̀."

Ó tẹ́tí díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló gbọ́. "Ràdíá, oorun ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Yẹ púrógíráàmù rẹ wò dáadáa, ibẹ̀ ni àléébù wà. Kò sí iwin nínú kọ̀ǹpútà."

Bámiṣayọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ràdíátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tún lọ síbẹ̀ mọ́. Ó wá ń bẹ̀rù etí ara rẹ̀. Kó tó ṣílẹ̀kùn yàrá náà láràárọ̀, á kọ́kọ́ ka àdúrà sínú, á sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán ni. Adésànyà wọlé, ó ní ó lè jẹ́ wáyà kan ló yọ nísàlẹ̀. "Ràdíátù, ṣí irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, ká wò ó."

Ràdíátù fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó rántí ẹ̀rín wọn, ó panu mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé irin náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Wáyà pọ̀ níbẹ̀ bí ìfun ẹran. Ọ̀kan nínú wọn dúdú, ó nípọn ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ló gbórí sókè. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀. Sèbé ni, ejò tó máa ń tutọ́ sójú èèyàn. Kí Ràdíátù tó fà sẹ́yìn, ó ti tu oró sí i lójú méjèèjì.

Ó dà bíi pé wọ́n da ata gbígbóná sí i lójú. Kò rí nǹkan kan mọ́. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń sá, tí Adésànyà ń pariwo pe Jàbárù awakọ̀, tí irin ń dún lórí irin. Ẹnì kan fà á lọ́wọ́ jáde, ó ti orí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Bámiṣayọ̀ ni. "La ojú, Ràdíá. Jọ̀ọ́, la ojú, kí omi lè wọ̀ ọ́."

Nílé ìwòsàn, dókítà fọ ojú náà, ó fi oògùn sí i, ó sì fi aṣọ dì í.

"Dókítà, ṣé màá ríran?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ràdíátù gbé èyí lọ sílé.

Ó wá dùbúlẹ̀ sí yàrá àǹtí rẹ̀ nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Gbogbo ohun tó bá ti rìn nílẹ̀, ejò ni létí rẹ̀, ì báà jẹ́ aláǹgbá, ì báà jẹ́ ìgbálẹ̀.

"Àǹtí, bí mi ò bá ríran mọ́ ńkọ́?"

Sàlímọ́tù tún ìrọ̀rí rẹ̀ tẹ́. Ó ní, "Ṣé wàá lè jẹ iyán?"

Láti lé ẹ̀rù lọ, Ràdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka púrógíráàmù rẹ̀ látorí, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ṣe ń ka kéú ní kékeré níwájú Àlùfáà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kà á, padà, tún un kà. Ibẹ̀ ló ti bá ohun tó fara pa mọ́ fún un nígbà tó lójú. Ìlà kan wà tó ń pín omi àdúgbò fún iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Láàárọ̀, Garki àti Wúsè ni wọ́n máa ń kó fún ẹ̀rọ. Ọ̀sán ló máa ń kan àwọn àdúgbò tí èèyàn kò tíì sí rárá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ pín nǹkan fún ẹni tí kò sí, yóò máa wá ẹni náà kiri títí yóò fi dákú.

Inú rẹ̀ kò dùn. Òtútù ló mú un. Wáyà kankan kò yọ. Òjò ló kún ihò ejò tó fi bá ihò wáyà wọlé, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Òun Ràdíátù ló ń pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí Bámiṣayọ̀ wá kí i, ó mú ọsàn wá, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú ara rẹ̀ yá gágá. "Fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá ti sọ fún àwọn tòkè pé ejò ló ń ba wáyà jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tún ní bi ọ́ ní nǹkan."

"Ṣé ẹ̀rọ náà kò kú mọ́?"

"Ó kú lánàá," Bámiṣayọ̀ wí.

Ràdíátù sọ ìlà náà fún un, ó sì sọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. "Sọ fún ọ̀gá pé àṣìṣe mi ni."

"Wọ́n lè gbé ọ, Ràdíá."

"Mo mọ̀. Sọ fún un ṣáá."

Ó lọ. Ràdíátù ń retí jíìpù títí ọjọ́ fi rọ̀. Bámiṣayọ̀ ló tún padà wá. Ó ní ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi ṣíwọ́, kò kú. "Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá, ó wò mí títí, ó wá ní, 'Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì panu mọ́. Ejò ni mo ti sọ fún wọn. Òkú ejò kì í jẹ́jọ́.'"

Wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ojú ọ̀tún rí bọ́tìnnì ẹ̀wù dókítà kedere. Ti òsì rí èéfín lásán, ó sì pẹ́ kí èéfín náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sàlímọ́tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ràdíátù kò gbà. Kò sí ẹ̀rọ tí òun lè kọ́ níwèé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó padà síbi iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò wọlé.

"A ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà," Bámiṣayọ̀ wí.

"Mo ti gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò tíì sọ ọ́ jáde rí níbi iṣẹ́ náà. Bámiṣayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀pá tú abẹ́ wọn wò, Ràdíátù sì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó parí, Ràdíátù wọlé, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

Ọjọ́ pẹ́ tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbújá kún, ilé rọ́pò oko. Ẹ̀rù náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Bí òjò bá ti ṣú, á gbọ́wọ́ sókè lórí iṣẹ́.

"Bámiṣayọ̀, jọ̀ọ́, gbọ́ ná."

Bámiṣayọ̀ á dáwọ́ dúró, á tẹ́tí. "Kò sí nǹkan."

"Tún un gbọ́."

Á sì tún un gbọ́.