Ìyẹ́ Aṣọ Tí Ráfíù Rán

Ọjọ́ tí ayé mi yí padà, ẹ̀wà la ń jẹ. Nínú igbó kan ní Ìlà-Oòrùn ni, èmi àti àwọn ṣójà ẹlẹgbẹ́ mi. Ọkọ̀ òfurufú àwọn ọ̀tá yọ lójijì. Sùnmọ́nù, ọmọ Òkakà, gbójú sókè láti wò ó. Èmi dojú bolẹ̀, bọ́ǹbù dún gbàù. Nígbà tí mo gbórí sókè, àwo ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ Sùnmọ́nù. Orí rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti dún gbàù, ilẹ̀ ni mo ń lọ kí n tó ronú. A jẹ ewé, a jẹ eku, a sùn nínú ẹrẹ̀. N kò kú. Ẹ má pè mí ní akíkanjú o! Ẹni tó bá tètè wólẹ̀ ló ń yè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun tán, mo padà sí Ṣakí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òyìnbó kan wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílùú wa. Ó gbé ìyẹ́ aláṣọ ńlá kan wá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀. Á so ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, á sáré dé etí àpáta, á bẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé e. Kò sí ìlú tó fẹ́ gbà níbi tó bá balẹ̀ sí. Ó ní eré lòun ń ṣe!

Ìyẹ́ náà fàya. Àbúrò mi Ráfíù, tó jẹ́ télọ̀, ló bá a rán an, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun náà fò lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìyá wa ń sunkún. “Jímọ̀, bá mi dá a dúró. Ẹ̀yin méjì péré lẹ kù fún mi.”

Mo lọ bá Ráfíù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Ṣé orí ẹ pé ṣá? Wọ́n rán mi lọ sógun ni. Ìwọ, ta ló rán ẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ta ló rán yín? Oko ẹ̀gẹ́ bàbá wa lẹ sá fún. Aṣọ ṣójà ló wù yín.”

Òótọ́ ni, ìdí tí inú fi bí mi nìyẹn. “Òpònú! Bó o bá kú, ọwọ́ ara ẹ lo fi pa ara ẹ.”

Lọ́jọ́ tí òyìnbó gbà kó fò, mo bá wọn gun àpáta, nítorí n kò fọkàn tán ọwọ́ ẹlòmíràn. Okùn irin kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, tí wọ́n máa ń dì mú títí ẹni tó fẹ́ fò á fi sọ pé ó yá. Òyìnbó di tọ̀tún mú, mo di tòsì mú.

“Bọ̀dá, tí mo bá ti ní ó yá, ẹ jù ú sílẹ̀ o,” ni Ráfíù wí.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dé lójijì. Aṣọ náà dún gbàù.

Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fà á wálẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi: “Sùnmọ́nù, wólẹ̀!” Ìyẹ́ náà fi apá òsì gbálẹ̀, ó yí, okùn já gbà lọ́wọ́ mi, ó ya àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gbé àbúrò mi ré etí àpáta kọjá. Mo gbọ́ tí irin ń kan òkúta lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìbẹ̀rù tó gbà mí là lójú ogun ló pa ọmọ ìyá mi nínú eré.

Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣì wà ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Òyìnbó ń sunkún, ó ń wí pé òun lòun jẹ̀bi. Mo jẹ́ kó máa wí bẹ́ẹ̀ títí ìlú fi gbà á gbọ́, tí wọ́n fi lé e lọ.

Ìyá mi nìkan ni kò gbà á gbọ́. Òun ló máa ń gbé mi nílẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá padé gbàù nílé. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi síta, ó wo ojú ọgbẹ́ náà pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí a sin Ráfíù, mo dọ̀bálẹ̀ láti kí i káàárọ̀.

“Dìde,” ló wí. “Wíwólẹ̀ ẹ ti tó. Ìnàró ni kó o máa kí mi.”

Títí tó fi kú, orí ìdúró ni mo ti ń kí ìyá tó bí mi.